Òróró Kọ́ Ni Ojú Kọnẹ́tọ̀ Ń Fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jọ ọ̀rọ̀ ìlú, kò sì jọ ọ̀rọ̀ ọjà, nítorí ó dá lé ohun kékeré kan tí kò ju orí ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí ó bá ṣe ségesège, ẹ̀rọ olówó gọbọi tí a fi owó ìjọba tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ rà yóò máa purọ́ fún ẹni tí ó jókòó tì í, onítọ̀hún yóò sì máa kọ irọ́ náà sílẹ̀ ní òótọ́. Ohun náà ni kọnẹ́tọ̀ tí a fi ń so wáyà coaxial mọ́ ẹ̀rọ nínú yàrá ìwádìí. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ sì máa ń béèrè nípa rẹ̀ ni pé, nígbà tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ń le, tí ó ń ha bí a ti ń yí i, ṣé kò yẹ kí á kán òróró díẹ̀ sí i kí ó lè rọ̀?

N kò bá wọn wí fún ìbéèrè náà. Ọmọ Yorùbá ni wá, epo kò sì ṣe àjèjì sí wa: ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni a ti ń fi epo wúre fún ìkókó pé kí ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi epo tu Ògún Lákáayé lójú, àwọn mẹkáníìkì kò sì lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan láìsí gíríìsì àti ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó bá le, epo ni à ń fi rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó fi epo bọ Ògún náà ni ó kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ gbé àdín dé iwájú Èṣù, nítorí pé èèwọ̀ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọnẹ́tọ̀ yìí rí. Irin ni lóòótọ́, ó sì ní tẹ́ẹ̀dì bíi bóòtù ọkọ̀, síbẹ̀ òróró ni èèwọ̀ rẹ̀, ìdí tí ó fi jẹ́ èèwọ̀ ni mo sì fẹ́ là yé yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ní ọdún 1880 ni Oliver Heaviside, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí wáyà kan tí ọ̀kan wà nínú èkejì: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ní àárín gbùngbùn, ohun tí iná kì í gbà kọjá yí i ká, wáyà mìíràn sì wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òde. Irú wáyà yìí ni ó ń gbé àwòrán wọlé láti orí eríàlì sínú tẹlifíṣọ̀n yín, irú rẹ̀ náà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ sí orí òpó gíga kí ó tó tàn ká ìlú. Níbi tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ méjì bá ti pàdé, tàbí tí wáyà bá ti pàdé ẹ̀rọ, ni kọnẹ́tọ̀ wà. Ní àwọn ọdún 1940 ni Paul Neill, òṣìṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí a ń pè ní N títí di òní, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Láti ìgbà náà ni kọnẹ́tọ̀ ti ń kéré sí i bí iṣẹ́ tí à ń rán an ti ń ga sí i: èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 3.5 ń ṣiṣẹ́ dé gígáhẹ́ẹ̀tì 26.5, ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Wiltron gbé K jáde, tí ó dé 40, èyí tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 1 lọ sì ti dé 110. Gígáhẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tó, ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà mílíọ̀nù kan ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ jẹ́ kí á mú oní-mìlímítà 3.5 yìí sọ́wọ́, kí á wo inú rẹ̀ dáadáa. Irin tí kì í dípẹtà ni ara rẹ̀ láti òde, ihò inú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 3.5, ibi tí ó ti gba orúkọ nìyẹn. Ní àárín ihò náà ni ọ̀pá kékeré kan nà sí, tí kò nípọn ju mìlímítà 1.52 lọ, wúrà ni a sì fi bò ó. Èyí tí ó jẹ́ akọ ní ẹnu ṣóńṣó. Èyí tí ó jẹ́ abo ni a là lẹ́nu sí ìka tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bàbà tí a pò mọ́ beryllium ni a sì fi rọ ìka wọ̀nyí kí wọ́n lè máa di akọ mú ṣinṣin bí ó bá ti wọlé. Láàárín ọ̀pá yìí àti ògiri irin tí ó yí i ká, yàtọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí ó gbé ọ̀pá náà dúró láti ẹ̀yìn, kí ni ó tún wà níbẹ̀? Òfìfo ni. Afẹ́fẹ́ lásán ni.

Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé àyè òfìfo náà kò já mọ́ nǹkan kan, pé bí nǹkan díẹ̀ bá bọ́ síbẹ̀ kò lè fa ìjàǹbá. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ náà wà lára ohun tí a fi ṣe kọnẹ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irin àti wúrà ti wà lára rẹ̀: fífẹ̀ ihò, nínípọn ọ̀pá, àti ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó para pọ̀ di 50 ohm, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ irú èyí nínú yàrá ìwádìí fi ń gbọ́ ara wọn yé. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn irú ohun tí ó wà láàárín bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ju 1 àti ìdá bíńtín lọ, òróró inú ọpọ́n ẹ̀rọ sì máa ń tó bí 2.2. Bí a bá rò ó pé òróró kún inú kọnẹ́tọ̀ náà dé ẹnu, 50 ohm yẹn yóò wálẹ̀ di bí 34, apá kan nínú ìgbì tí a rán lọ yóò sì kọlu ibẹ̀, yóò ta padà sẹ́yìn síbi tí ó ti wá. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ń rọ òróró kún kọnẹ́tọ̀. Ẹ̀kán kan péré ni àwọn ènìyàn ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan náà, bí ó bá ti yọ́ wọ inú ihò láti ara tẹ́ẹ̀dì, ọ̀nà kan náà ni ó ń fa iye yẹn sí, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ibi tí ó tún le sí ni pé iná tí ó ń gba ara kọnẹ́tọ̀ kọjá ní ìwọ̀n gígáhẹ́ẹ̀tì kì í rì wọ inú irin, ojú awọ rẹ̀ ni ó ń gbà lọ. Ní gígáhẹ́ẹ̀tì 10, ibi tí iná ń dé nínú bàbà kò jìn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà. Ẹ wá fojú inú wo ohun tí ekuru ọyẹ́ ń ṣe níbẹ̀. Nínú kọnẹ́tọ̀ tí ó gbẹ, ekuru náà yóò jókòó gẹ́ẹ́rẹ́, bí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú èyí tí a kán òróró sí, ekuru yóò rì sínú òróró, ìyẹ̀fun irin tí nọ́ọ̀tì ń fá lára tẹ́ẹ̀dì nígbàkúùgbà tí a bá yí i yóò wá bá a níbẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì di ẹrẹ̀ dúdú tí yóò máa rin wúrà náà bí ìgbà tí a fi yanrìn rin abẹ. Òróró tí a mú wá kí ó gba irin lọ́wọ́ ìpalára ni yóò di ilé fún ohun tí ń pa á lára.

Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òróró kò burú fún wúrà, n kò ní í jà á níyàn. Morton Antler ti Bell Labs fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bí wúrà ṣe ń jẹ nígbà tí ó bá ń yọ̀ lórí wúrà, àwọn onímọ̀ sì ti mọ̀ pé fíìmù tín-ín-rín òróró tí a ń pè ní polyphenyl ether lè mú kí wúrà pẹ́ gan-an lára àwọn ojú ìsopọ̀ tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni èyí. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni a ti fi fíìmù náà sí wọn, ní ìwọ̀n tí a mọ̀, lára ojú ìsopọ̀ tí ó ń fi ara rin ara bí a ti ń tì í wọlé, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí iná ṣáà ti kọjá. Ti yàrá ìwádìí yàtọ̀. Kì í ṣe pé kí iná kọjá nìkan ni à ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. À ń béèrè pé kí ó kọjá lónìí gẹ́gẹ́ bí ó ti kọjá lánàá, kí ó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ìdí èyí ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní network analyzer, kí ó tó wọn ohunkóhun, a ní láti kọ́kọ́ fi àwọn ohun tí a ti mọ ìwà wọn hàn án: èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí, èyí tí a dí pa, àti èyí tí ó jẹ́ 50 ohm géérégé. Nígbà tí ó bá ti rí wọn, yóò ṣírò àbùkù tí ó wà lára ara rẹ̀ àti lára wáyà rẹ̀, yóò sì máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tí ó bá wọ̀n lẹ́yìn náà. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n àbùkù tí ó bá dúró sójú kan nìkan ni ó lè yọ. Òróró kì í dúró sójú kan: bí a ti tú kọnẹ́tọ̀, a nù díẹ̀ lọ, bí a ti dè é padà, ó tàn dé ibòmíràn, bí yàrá bá gbóná, ó ṣàn. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rọ yọ kúrò ní òwúrọ̀ kọ́ ni ó wà níbẹ̀ ní ọ̀sán, ẹni tí ó ń ka ojú ẹ̀rọ kò sì ní ọ̀nà kankan láti fi mọ̀. Lójú tèmi, èyí ni ẹ̀sùn tí ó wúwo jù lọ lọ́rùn òróró.

Ó ku ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì tí ó ń le. Irin tí kì í dípẹtà, bí ó bá ń yí lórí irú ara rẹ̀, tẹ́ẹ̀dì wọn a máa gé ara wọn jẹ nígbà mìíràn, wọn a sì lẹ̀ mọ́ra débi pé agbára ni a ó fi tú wọn. Ẹ̀rù èyí ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré lọ gbé agolo òróró. Kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n fi awò tí ń mú ohun kékeré tóbi wo tẹ́ẹ̀dì náà ná. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí ni wọn yóò rí níbẹ̀, tàbí kí wọ́n rí i pé akọ àti abo kò dọ́gba sí ara wọn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í yí nọ́ọ̀tì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ìdọ̀tí ni ẹ̀tẹ̀, líle nọ́ọ̀tì ni làpálàpá. Bí ó bá sì jẹ́ pé tẹ́ẹ̀dì náà ti ya lóòótọ́, òróró kò lè mú un bọ̀ sípò. Kọnẹ́tọ̀ náà ti parí iṣẹ́, kí á sì mú un kúrò nílẹ̀ kíákíá, nítorí pé ẹyọ kan tí ó bàjẹ́ a máa ba gbogbo èyí tí ó bá fẹnu kàn jẹ́.

Ohun kan tún wà nínú òróró orí tẹ́ẹ̀dì tí ojú kì í tètè rí. Àwọn tí ó ṣe kọnẹ́tọ̀ ti sọ ìwọ̀n agbára tí a gbọ́dọ̀ fi dè é, spánà sì wà tí ó ń ṣẹ́ ọrùn bí a bá ti dé ìwọ̀n náà: Newton-mítà 0.9 fún ti mìlímítà 3.5, nǹkan bí 0.56 fún irú kọnẹ́tọ̀ mìíràn tí a ń pè ní SMA, 1.36 fún N. Apá tí ó pọ̀ jù nínú agbára yìí ni tẹ́ẹ̀dì ń jẹ bí irin ti ń ha irin; èyí tí ó kù ni ó ń fún ojú méjèèjì pọ̀. Àwọn tí ó ṣe kọnẹ́tọ̀ náà ti ka ohun tí tẹ́ẹ̀dì yóò jẹ mọ́ ìṣirò wọn, tẹ́ẹ̀dì gbígbẹ ni wọ́n sì ń rò. Bí ẹ bá wá fi òróró pa á, tẹ́ẹ̀dì kò ní í jẹ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, agbára tí ó ṣẹ́kù yóò rọ́ lọ sí ojú ìpàdé, spánà yóò sọ pé ó tó, nígbà tí ó ti pọ̀ jù fún un. Spánà kò purọ́, ẹni tí ó kán òróró ni ó sọ ọ́ di òpùrọ́.

Bí ẹ bá rò pé mo ń sọ ohun kékeré di ńlá, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí OPERA kéde pé neutrino, ìyẹn èérún bíńtín tí ojú kò lè rí, tí a ta láti ibùdó ìwádìí CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva, dé abẹ́ òkè Gran Sasso nílẹ̀ Ítálì, ìrìn bí kìlómítà 730, ní nanosecond 60 ṣáájú ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ì bá fi dé ibẹ̀. Gbogbo ayé mì tìtì, nítorí pé bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀kọ́ Einstein pé kò sí ohun tí ó lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ wó nìyẹn. Àwọn onímọ̀ náà kò fi pamọ́, wọ́n bẹ ayé pé kí wọ́n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò; nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, ohun tí a bá níbẹ̀ ni ojú ìsopọ̀ wáyà onímọ̀lẹ̀ kan tí a kò yí wọlé tán. Kì í ṣe wáyà coaxial, ṣùgbọ́n ojú ìsopọ̀ ni ojú ìsopọ̀ ń jẹ́. Ní ìdà kejì, nígbà tí Arno Penzias àti Robert Wilson gbọ́ ariwo kan tí kò dákẹ́ nínú eríàlì ńlá wọn ní Holmdel, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ọdún 1964, ojú ìsopọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n fi téèpù aluminium bo àwọn oríkèé eríàlì náà, wọ́n gbá ìgbẹ́ ẹyẹlé inú rẹ̀ jáde, ariwo náà kò sì lọ. Nítorí pé wọ́n ti wẹ ọwọ́ ojú ìsopọ̀ mọ́, wọ́n lè sọ láìwárìrì pé ojú ọ̀run ni ariwo náà ti ń wá. Ìmọ́lẹ̀ ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, ẹ̀bùn Nobel ọdún 1978 sì kàn wọ́n nítorí rẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ kí á fi tọ́jú kọnẹ́tọ̀? Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni a ó kọ́kọ́ fẹ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ vọ́kánáísà kí ó fi ẹ̀rọ ìfẹ́táyà fẹ́ ẹ, nítorí pé òróró àti omi wà nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, ìtọ́ wà nínú èémí. Bí ìdọ̀tí bá kù, isopropyl alcohol tí ó mọ́ gaara, tí ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, ni kí ẹ fi rin òwú tí kì í ya fọ́nrán, tí ẹ wé mọ́ orí igi ìtayín. Òwú ni kí ẹ rin, ẹ má da nǹkan sínú kọnẹ́tọ̀, kí omi rẹ̀ má baà wọ ibi ìlẹ̀kẹ̀. Sípíríìtì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà kò bá iṣẹ́ yìí mu, ohun tí a pò mọ́ ọn yóò kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá gbẹ. Ẹ nu tẹ́ẹ̀dì, ẹ nu ojú ìpàdé, ẹ rọra yí ọ̀pá àárín ká láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dè é, nọ́ọ̀tì nìkan ni kí ó máa yí. Bí ara kọnẹ́tọ̀ tàbí wáyà bá ń bá a yí, ọ̀pá akọ ń fá inú abo nìyẹn. Ọwọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, spánà ni a fi ń parí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo mọ ibi tí òróró ti ní iṣẹ́ rẹ̀ o. Eríàlì tí ó wà lórí òrùlé nínú òjò, gíríìsì silicone a máa ran rọ́bà rẹ̀ lọ́wọ́ láti lé omi sẹ́yìn. Àwọn kọnẹ́tọ̀ kan tí ń gbé iná alágbára ńlá, ẹni tí ó ṣe wọ́n a máa sọ pé kí á fi gíríìsì dí àyè afẹ́fẹ́ inú wọn kí iná má baà ta níbẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀, ìwé ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni kí á tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n bí agolo gíríìsì silicone bá wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú kọnẹ́tọ̀ ìwádìí, kí olúwa rẹ̀ fọ ọwọ́, nítorí pé ó ń rákò láti ìka dé orí tábìlì, láti orí tábìlì dé ibi tí a kò rán an.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí yàrá ìwádìí wà ní ìkáwọ́ yín ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Àkúrẹ́, ní Èkó, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí jù. Ẹ má ṣe ra ẹ̀rọ olówó iyebíye, kí ẹ wá ní owó spánà tí ó mọ ìwọ̀n kò sí. Ẹ ra ìdérí oníke fún gbogbo ẹnu kọnẹ́tọ̀, kí ó má ṣe sùn ní ìhòòhò nínú ọyẹ́. Ẹ fi kọnẹ́tọ̀ agbèjà kan sí ẹnu ẹ̀rọ, èyí tí yóò máa gba ìyà ojoojúmọ́ dípò ẹnu tí a kò lè pààrọ̀ láì fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sókè òkun. Kí ẹ sì kó agolo òróró kúrò nínú yàrá náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.